Ewé Ẹnu Ọ̀nà Àbàtà

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, Adéoyin. Ọdún márùn-ún gbáko. Àgbàdo àkọ́rò ti wọlé lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì sí ìwọ tí yóò sun ún wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ará ilé rẹ ní Idigny ló pé sí àgbàlá yìí. Lọ́dọọdún, Clément ọmọ rẹ ọkùnrin ló máa ń kọ ìrántí yìí, tí á sì kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dùn, a sì máa kúrú, nítorí ó mọ̀ pé ebi ń pa àwọn tó ń gbọ́. Lọ́dún yìí, èmi Sidonie, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tí àwọn ọmọ rẹ ń pè ní Tántí, ni mo ní kí ó jókòó kí ó máa kọ ohun tí mo bá ń sọ. Ọ̀rọ̀ tèmi kò ní kúrú. Ẹni tí ebi bá ń pa, ẹ̀wà wà lórí iná, kí ó lọ bù ú jẹ kí ó padà wá.

Kí n kọ́kọ́ ro ohun tó yí padà fún ọ. Ilé ẹ̀yìn tí o fi sílẹ̀ láìkan páànù, a ti kan án. Clément parí iṣẹ́ tó ń kọ́ ní Kétou, ó ti di súdérì, ajórin tó dá dúró. Òun ló jó irin fèrèsé ilé náà. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣí, ó sì ń pa dé. Igi máńgòrò tí o máa ń jókòó sí lábẹ́ rẹ̀ kàwé ti wó. Àwọn ọmọ tí o kọ́ ní lékọ́ọ̀lì ti ń tọ́ ọmọ tiwọn, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ dẹ́rù bà wọ́n pé métìrì, olùkọ́ àwọn, ń bọ̀. Raïssa, ọmọ Solange, tí kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí o lọ, ti ń lọ sí ọdún méje. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Clément kì í kọ sínú ìrántí tirẹ̀. Solange, àkọ́bí rẹ, kò pè ọ́ ní bàbá mọ́. Bàbá Clément ló ń pè ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bàbá aládùúgbò. Bí àlejò bá bi í pé sàréè ta nìyí, á ní Bàbá Clément ni, á sì yíjú sí ibòmíràn. Ó ní o dalẹ̀ òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò fi bò, kò sì dín in kù.

Ẹni tí kò bá mọ ìwọ àti ọmọ yìí nígbà tó wà ní kékeré kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ ti ń rin ìrìn kan lọ́dọọdún, ìwọ àti òun nìkan. Bí ilé-ìwé bá ti pa fún fàkáǹsì, tí òjò ńlá ti dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ ó wọ igbó lọ. Ẹ kò gbé àdá, ẹ kò gbé agbọ̀n, ẹ kò ní oko tí ẹ ń lọ. Òdòdó ni ẹ ń wá. Labalábá ni ẹ ń wá. Ẹyẹ ni ẹ ń wá. Gbogbo Idigny ló fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù lórí métìrì. Àgbàlagbà wo ní í wọ igbó tí kò mú igi ìdáná bọ̀? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní bó bá jẹ́ òdòdó lò ń fẹ́, òdòdó ilá kún oko mi, kí o wá wò ó, kí o sì bá mi tu koríko ìdí rẹ̀. O mú ọwọ́ ọmọ rẹ, ẹ lọ.

Ọmọ náà mọ pátanmọ́ tó ń pa ewé rẹ̀ dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Ó mọ òdòdó ejìnrìn tó máa ń gun ọgbà. Ó mọ imí-eṣú, tí àwa àgbẹ̀ ń bú, tí labalábá sì fẹ́ràn ju gbogbo ewéko lọ. Ó mọ ìró àkókó lára igi gbígbẹ, ó mọ bí àparò ṣe ń fò dìde lẹ́sẹ̀ èèyàn tí àyà á sì já. Àbàtà ni ẹ máa ń rìn dé, níbi tí omi òjò ti máa ń dúró sí títí oṣù kẹjọ. Etí omi yẹn, lórí iyanrìn tútù, ni labalábá ti máa ń pé jọ bí oòrùn bá ta: èyí tó funfun, èyí tó pọ́n bí ìyeyè, èyí tó dúdú tó ní àmì aró lápá. Wọ́n á bo ilẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Ẹ ó jókòó sídìí igi, ẹ ó máa wò wọ́n, ìwọ á sì máa ya apá wọn sínú kàyé, ìwé tí o ń mú rìn.

Àgbàdo sísun méjì lo máa ń dì sínú ewé lọ síbẹ̀, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún un. Òfin yín ni pé ẹnìkan kì í jẹ tirẹ̀ títí èkejì á fi dé.

Nítorí ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ jáde. O fẹ́ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Solange á gbálẹ̀, á fọ abọ́, kó tó tẹ̀ lé ọ. Ẹ̀rù kò bà á rí pé òun á ṣìnà, nítorí ewé wà. Báyìí la ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ tó ń gbé ìlú ńlá gbọ́: ẹni tó bá ṣáájú, tí ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bó bá dé oríta, á já ẹ̀ka eléwé, á fi dábùú ọ̀nà tí kò gbà, á gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọ̀nà tó ní ewé ti pa dé. Ọ̀nà tí kò ní ewé ni kí o gbà. Ẹni tí a torí rẹ̀ fi í síbẹ̀, bó bá ti ń kọjá, á fẹsẹ̀ gbá a dànù. O sọ fún Solange pé ibikíbi tó bá ti rí ewé rẹ, kí ó mọ̀ pé o ti dúró níbẹ̀, o ti ro ti òun, kí o tó kọjá. Ó gbà ọ́ gbọ́. Ọmọ ogún ọdún ó lé ló ṣì ń gbà ọ́ gbọ́.

Oríta mẹ́ta ló wà lọ́nà yẹn. Àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilé-ìwé, èkejì wà nídìí kànga àtijọ́. Ẹ̀kẹta wà lábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí: apá òsì lọ sí àbàtà, apá ọ̀tún lọ sí oko wa, á sì já sí ọ̀nà Okpomèta.

Lọ́jọ́ tí o lọ, Solange ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti lọ́kọ, ó ti ń ránṣọ ní Kétou, síbẹ̀ ó gun alùpùpù wá nítorí ìrìn yín. Ara Raïssa gbóná díẹ̀. Ìyá Solange ti ṣáájú rẹ lọ, nítorí náà ó gbé ọmọ fún Agathe, ìyàwó Bienvenu ọmọ mi, pé kí ó bá òun mójú tó o. Ó gba ọ̀nà rẹ lẹ́yìn. Ní oríta kìn-ín-ní, ewé rẹ wà níbi tó yẹ. Ní oríta kejì, ewé rẹ wà níbi tó yẹ. Ó dé abẹ́ igi ẹ̀mí, ó bá ewé lẹ́nu ọ̀nà àbàtà.

Ó dúró wò ó. Ó rò pé bóyá omi ti gbẹ, pé bóyá o ti rí ibi tuntun tí o fẹ́ fi han òun. Inú rẹ̀ dùn gan-an, òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹsẹ̀ gbá ewé, ó gba ọ̀tún. Ó rìn láàárín ẹ̀gẹ́ tó ga ju orí lọ, ó ń pè ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ń pè ọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rìn títí ó fi já sí ọ̀nà Okpomèta, ó bi ẹni tó rí, wọ́n ní àwọn kò rí métìrì kankan. Oòrùn ti wọ̀ nígbà tó padà wọ àgbàlá yìí, ó sì bá èrò.

Aboubakar tó máa ń kó oyin nínú igbó ló rí ọ. Etí àbàtà lo wà, o fẹ̀yìn ti igi, o kọjú sọ́nà. Ọkàn rẹ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ara rẹ kò tíì tutù tán nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Nínú àgbàlá yìí, lójú gbogbo wa, Solange sọ̀rọ̀ ewé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan gbá lórí, ó ń tún un sọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wá mi orí, ó ní ẹ ò rí i bí? Métìrì mọ̀ pé ọlọ́jọ́ ti dé. Ó fi ewé dí ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ má bàa fojú rí ikú. Gbogbo ènìyàn ní hẹn. Wọ́n ní àgbà tó mọ́kàn le nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ dé Adakplamè. Fádà fi ṣe ìwàásù, àwọn ìyá ń sunkún, wọ́n ní bàbá gidi nìyẹn.

Solange nìkan ni kò rí ohun tó dára níbẹ̀. Ó ní òun ìbá gbé ọ pọ̀n. Ó ní òun ìbá sáré dé títì, alùpùpù ìbá gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, bí kò bá sì ṣeé ṣe, òun ìbá di ọwọ́ rẹ mú. Ó ní ogún ọdún lo fi kọ́ òun pé ewé rẹ kò lè ṣi òun lọ́nà, o wá fi ewé kan náà ti òun síta lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Láti ọjọ́ kẹjọ ló ti ń pè ọ́ ní Bàbá Clément. Kàyé labalábá rẹ, ó jù ú sísàlẹ̀ àpótí. Lọ́dọọdún ó ń wá, ó ń gbé ìrẹsì wá, ó ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, á sì ti lọ kí Clément tó kàwé tán.

Mo bá a wí títí. Mo ní òkú ni bàbá rẹ, Solange, dárí jì í. Mo ní ohun tí a kò mọ̀ pọ̀ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Ó máa ń ní òun ti gbọ́, Tántí.

Lọ́dún yìí ni métìrì Raïssa ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya òdòdó márùn-ún, labalábá márùn-ún àti ẹyẹ márùn-ún tó bá fojú ara rẹ̀ rí ní abúlé àwọn èèyàn rẹ̀, kí ó mú un wá bí fàkáǹsì bá parí. Solange ní òun á yà á fún un láti inú ìwé. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní métìrì ní fojú ara ẹni ni. Ìwọ mọ ibi tó ti jogún rẹ̀. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ tí wọ́n dé, Solange lọ́ra bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù. Mo ní èmi á bá wọn lọ.

Ó rìn níwájú, kò sọ̀rọ̀. Raïssa rí òdòdó kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Solange ní òun kò mọ̀. A rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Solange dúró, ó padà sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ewé náà, ewé sì pa dé. Ó ní pátanmọ́ ni. Ó ní kí ọmọ fọwọ́ kàn án wò.

Láti ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́. Ó fi àkókó hàn án. Ó fi lékèélékèé hàn án lẹ́yìn màlúù àwọn Fúlàní, ó ní kí ó wo bí wọ́n ṣe ń bá màlúù rìn bí ẹni tó ní wọn. Ó ní kí ó má lé labalábá, kí ó jókòó, á wá fúnra rẹ̀. Adéoyin, ọ̀rọ̀ rẹ ni. Bí o ṣe ń sọ ọ́ ló ṣe ń sọ ọ́, àní ó ń gbé ìka sókè bí ìwọ. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń fà sẹ́yìn, nítorí mo mọ ibi tí à ń lọ.

A dé abẹ́ igi ẹ̀mí. Solange dúró. Raïssa béèrè ìdí tí a fi dúró. Ìyá rẹ̀ ní ibí yìí ni Bàbá Clément ti fi ewé ti ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wo ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní kí ni ẹ ṣe fún un?

Solange ní òun kò mọ̀. Ó ní ọdún márùn-ún lòun ti ń rò ó, gbogbo ohun tóun bá a sọ lọ́dún náà, gbogbo ìgbà tóun kò wá kí i, òun kò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

N kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn láti ọdún márùn-ún. Mo rò pé ìbínú lásán ni. N kò mọ̀ pé ọmọ náà ń tú ara rẹ̀ yẹ̀ wò bí aṣọ tó ní kòkòrò, tó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọjọ́ yẹn ni ó bá tèmi.

Àbúrò mi, ìwọ kọ́ lo fi ewé sí ọ̀nà àbàtà. Èmi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí o ti kọjá, kí Solange tó jáde, mo ń lọ sí oko ẹ̀pà. Agathe ló yẹ kó tẹ̀ lé mi gbé agbọ̀n wá. Ìyàwó tuntun ni, láti Adakplamè, kò tíì mọ ọ̀nà oko. Mo dé abẹ́ igi ẹ̀mí, mo bá ewé lẹ́nu ọ̀nà oko mi, òkúta lórí rẹ̀. N kò ronú kan ọ. N kò rántí pé ọjọ́ ìrìn yín ni. Mo bínú, mo ní ta ló fi ewé dí ọ̀nà oko olóko, ìyàwó mi á ṣìnà. Mo gbé ewé náà àti òkúta rẹ̀, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà àbàtà, mo sì bá tèmi lọ. Ewé tí o já fún ọmọ rẹ ni mo gbé fún ìyàwó ọmọ mi. Agathe kò sì wá, nítorí Solange ti gbé Raïssa lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kọjá tó máa gbá ewé dànù. Ó wà níbẹ̀ títí Solange fi dé. Inú ẹ̀pà ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí nígbà tó kọjá, ẹ̀gẹ́ ga láàárín wa, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìyẹn, àṣìṣe ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èyí tó kù kì í ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí Solange ń sọ̀rọ̀ ewé nínú àgbàlá yìí, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Àgbà yẹn wá sọ tirẹ̀, gbogbo ènìyàn ní hẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn, ó bò mí mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ní bó bá di ọjọ́ kẹjọ màá sọ ọ́. Ọjọ́ kẹjọ dé, mo ní ó di ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ ni fádà gun orí pẹpẹ. Ta ló fẹ́ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé obìnrin tó ń lọ wú ẹ̀pà ló gbé ewé?

Ohun mìíràn tún wà. Aboubakar gbé ohun kan lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ lòun ti rí i. Àgbàdo sísun méjì ni, nínú ewé. Méjèèjì pé. O kò bu ọ̀kankan jẹ. Oòrùn yọ, ó kan àtàrí, ó yẹ̀, o kò fẹnu kàn án, nítorí ẹni tó ni èkejì kò tíì dé. Mo mọ̀ pé bí Solange bá rí àgbàdo náà, á mọ̀ pé ò ń retí òun, á sì béèrè ta ló wá fi ewé síbẹ̀. Mo jù ú sínú iná ìdáná.

Gbogbo èyí ni mo sọ lábẹ́ igi ẹ̀mí. N kò jókòó, n kò sunkún, kí ó má bàa jẹ́ pé èmi ni wọ́n á tún máa bẹ̀.

Solange kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo ti mọ̀ lọ́jọ́ tóun sọ̀rọ̀ lágbàlá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ nígbà tí fádà ń wàásù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún òun pé kí òun dárí ji bàbá òun ńkọ́? Mo ní mo mọ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Ẹni tó gbé ewé ló ń bẹ ọmọ kí ó foríji ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Solange na ọwọ́ sókè, ó já ẹ̀ka eléwé méjì. Ó fi ọ̀kan dábùú ọ̀nà oko, ó wá òkúta, ó gbé e lé e. Ó mú Raïssa lọ́wọ́, wọ́n bọ́ sí ọ̀nà àbàtà, ó yípadà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èkejì dábùú ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó gbé òkúta lé òun náà. Kò wo ojú mi. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ewé. Ọ̀nà ilé nìkan ló kù fún mi.

Mo dàgbà jù ú lọ ní ọdún méjìdínlógójì. Ẹsẹ̀ mi lè gbá ewé. Mo yípadà, mo wálé.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Raïssa ló sáré wọlé, kàyé lọ́wọ́, ó ń ka ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ilé. Ó ní labalábá pọ̀ létí omi ju ohun tóun lè yà lọ. Ó ní ọ̀kan bà lé bàtà òun. Ó ní ìyá òun jókòó sídìí igi kan, ó ní ibí yìí ni bàbá mi jókòó sí tó ń retí mi, ó sì sunkún kíkankíkan, ó ń bẹ igi náà pé kí ó má bínú. Ọmọ náà bi mí bóyá igi máa ń bínú. Mo ní rárá.

Solange wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti yẹ kí a kí àgbà, kò yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Ó ní ẹ kú ilé, Ìyá Bienvenu.

Láti kékeré ló ti ń pè mí ní Tántí. Ìyá Bienvenu ni àwọn tó ń ra ẹ̀pà ń pè mí. Mo jẹ́ ẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe gba ìrántí yìí lọ́wọ́ Clément. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ tó sì ní hẹn ló wà níbí lónìí, fádà náà wà níbí, kí wọ́n gbọ́ èyí pẹ̀lú. Adéoyin kò mọ̀ pé ikú ń bọ̀. Adéoyin kò ti ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un ni mo dí, mo sì jẹ́ kí ẹ fi ohun tí mo ṣe yìn ín. Ó di ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu yín, ó di ọgbẹ́ lára ọmọ rẹ̀. Ẹ má tún sọ ọ́ mọ́.

Àti ìwọ, àbúrò mi. O jókòó lọ́jọ́ náà títí, o kọjú sọ́nà, bóyá o rò pé ó gbàgbé rẹ. Kò gbàgbé rẹ. Okpomèta ló wà tó ń pariwo orúkọ rẹ. Èmi ni mo dá yín sí méjì, ẹ̀yin tí ẹ kò ṣẹ ara yín. Bí a bá pàdé, o ní ẹjọ́ pẹ̀lú mi, n kò sì ní jiyàn.

Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ. Àárò rẹ ṣì ń sọ wá. A ṣì fẹ́ràn rẹ nínú ilé yìí, Clément fẹ́ràn rẹ, Raïssa tí kò rántí ojú rẹ fẹ́ràn rẹ, èmi tí n kò ṣe ọ́ dáadáa fẹ́ràn rẹ. Fún ọdún mẹ́rin, Solange máa ń lọ kí a tó kàwé dé ibí yìí. Lónìí, ó ṣì jókòó, kì í ṣe lẹ́yìn pátápátá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ sàréè rẹ ló wà, kàyé labalábá rẹ wà lórí itan rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ó sun àgbàdo méjì, ó dì wọ́n sínú ewé. Ó gbé tìrẹ lé orí sàréè. Bàbá mi, ẹ má bínú, mo pẹ́, ohun tó sọ nìyẹn, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ṣí tirẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.